Oògùn Tí A Kò Mọ Iye Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Ilé-Ìwòsàn Orí Fóònù



 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ lórí òwò ṣíṣe ni a ṣì ń bá lọ. Mo ti ní in lọ́kàn láti kọ̀wé nípa gbèsè lóṣù yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa ní Topo tí ó mú mi fi gbèsè sílẹ̀ ná.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kan, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-kéwú mi wá jókòó sórí bẹ́ńṣì níta. Àgbọn ni ó ń tà ní ọjà Agbalata. Ó ní òòyì ń kọ́ òun, orí sì ń fọ́ òun láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra tipẹ́, mo sì bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Ó ní, "Mò ń lò ó, Ààfáà. Mo máa ń lo tòní, n óò fi tọ̀la sílẹ̀, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí léwu. Ojoojúmọ́ ni a ń lo oògùn rẹ̀. Bí a bá ń fò ó, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ga sókè, ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ sì ti ń wá. Mo wá bi í léèrè ohun tó fà á tí ó fi ń fi oògùn ṣọ́wọ́ná bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀ ná.

Ó ní ọmọ òun tó ń kàwé ní Ọ̀jọ́ ló fi ilé-ìwòsàn kan sórí fóònù òun. Ó sọ pé kí òun má máa lo gbogbo ọjọ́ lórí ìlà ní ọsibítù mọ́, pé dókítà yóò bá òun sọ̀rọ̀ níbi tí òun bá wà. Nínú ìpolówó wọn, ₦1,500 péré ni owó àtirí dókítà. Inú ìyá náà dùn, nítorí ọjọ́ tí kò bá dé ọjà, kò sí ẹni tí yóò bá a ta àgbọn.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, dókítà tó bá a sọ̀rọ̀ ṣe dáadáa. Ó fara balẹ̀, ó béèrè ohun tó yẹ, oògùn méjì tó sì kọ fún un jẹ́ oògùn tí a mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn tí dókítà lọ tán ni fóònù sọ pé oògùn yóò dé lọ́la, kí ó tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Ọmọ bá a tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ ni àléètì báńkì wọlé: ₦23,400 ti lọ.

Nígbà tí mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n ṣe ìṣirò sí. Ó pẹ́ kí n tó rí i, nítorí inú ojú-ewé kejì ló wà, lẹ́yìn tí a ti sanwó tán. Owó dókítà, ₦1,500. Owó oògùn, ₦17,000. Owó tí wọ́n pè ní owó ètò, ₦1,900. Owó gbígbé e wá sí Topo, ₦3,000. Mo mú orúkọ oògùn méjèèjì, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé oògùn kan nínú Àgbádárìgì tí apòògùn tó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. ₦12,600 ni wọ́n ní kí n san fún méjèèjì, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, iye hóró kan náà ló sì wà nínú páálí. Bí ìyá yìí bá rí dókítà lórí fóònù tí ó sì fúnra rẹ̀ ra oògùn, ₦14,100 ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́. ₦9,300 ló fi ṣòfò láìmọ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó lè ra ti oṣù kejì, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín hóró oògùn bí ẹni pín owó àjọ.

Mo bi í pé, "Màmá, ìwé tí dókítà kọ oògùn sí dà?" Ó ní, "Wọn kò fún mi níwèé kankan, Ààfáà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Owó gọbọi dunni, ṣùgbọ́n ìwé tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí owó gọbọi náà ṣeé ṣe. Ẹni tí ìwé oògùn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè mú un dé ilé oògùn mẹ́ta kí ó tó ra nǹkan. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà nínú fóònù ẹlòmíràn, ilé oògùn kan ṣoṣo ni ó mọ̀, òun náà kọ́ ló sì yàn án.

ARÌNRÌN-ÀJÒ TÍ KÒ TÍÌ DÉ ỌJÀ

Àwọn kan lára ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àgbà yóò sọ pé, "Ààfáà, ṣé ìyá náà kọ́ ló tẹ̀ 'mo gbà' ni? Ṣebí òwò tí ẹni méjì fọwọ́ sí ni." Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ jẹ́ kí á mú un lọ sínú ìwé tí a ń kà.

Nínú Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kọ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kà lórí ẹní, orí ọ̀rọ̀ òwò fi yé wa pé òwò tí nǹkan rẹ̀ fara sin kò tọ́, àti pé òǹtajà kò gbọdọ̀ pa nǹkan mọ́ nípa ọjà rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń rà bá gbọ́ ọ, kò ní fẹ́ ẹ. Ìyọ̀ǹda ọkàn ni òpó òwò, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye ohun tó ń rà, kí ni ó yọ̀ǹda? ₦1,500 ni ìyá yẹn gbà. Kò sí ẹni tó fi ₦23,400 lọ̀ ọ́ kí ó tó tẹ káàdì.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni ti àwọn tí ń kó ẹrù wọ̀lú. Ẹ mọ̀ pé nígbà ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a, àwọn oníṣòwò kan a máa jáde lọ pàdé àwọn tí ń kó ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n tó wọ ọjà. Wọn a ra ẹrù náà lówó pọ́ọ́kú, nítorí ẹni tó ń bọ̀ kò tíì mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ànábì kọ̀ fún wọn. Ó sì wà nínú hadiisi tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra pé bí ẹlẹ́rù náà bá wá dé ọjà, ó ní ẹ̀tọ́ láti tú òwò náà ká bí ó bá fẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà kò jalè, kò sì fi ìbọn gbowó. Owó ló san. Ohun tó ṣe ni pé ó dá ènìyàn dúró níbi tí ojú rẹ̀ kò tíì tó ọjà. Ẹni tó ń ṣàìsàn náà, arìnrìn-àjò ni. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀rù ń bà á, kò mọ orúkọ oògùn, kò sì mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lórí fóònù ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, tí ó ta oògùn fún un kí ojú rẹ̀ tó tó ilé oògùn kankan, ó ti ṣe ohun tí àwọn ará ìjọ́un ń ṣe lójú ọ̀nà. Èmi kò sọ pé fátíwà ni mo ń gbé kalẹ̀ o. Àfiwé ni mo ń ṣe, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

ẸNI TÍ A FI Ọ̀RỌ̀ LỌ̀

Báwo ni irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí owó? Àwọn kan ń gbowó tó tó gẹ́lẹ́ lórí rírí dókítà, wọ́n á sì fún ọ níwèé kí o máa lọ. Àwọn mìíràn a sọ owó dókítà di pọ́ọ́kú, nígbà mìíràn a tilẹ̀ di ọ̀fẹ́, lórí oògùn ni èrè wọn ti ń wá. Yálà kí ilé oògùn kan máa fún wọn ní nǹkan lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá darí wá, tàbí kí àwọn fúnra wọn ra oògùn lọ́pọ̀, kí wọ́n fi èrè tiwọn lé e. Àwa tí a ń gbé etí òkun mọ ohun tí ìdẹ jẹ́. Apẹja kò retí èrè lórí ekòló.

Dókítà ni ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀, Ànábì sì ti fi yé wa pé ọ̀rọ̀ tí a fi lọ ènìyàn, àmánà ni lọ́rùn rẹ̀. Bí owó bá ń wọ àpò rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ nítorí ilé oògùn tí ó darí mi sí, báwo ni n óò ṣe mọ̀ bóyá nítorí ara mi ni ó ṣe darí mi síbẹ̀? Ẹ rántí ìtàn Ibn al-Lutbiyya tó wà nínú Bukhari àti Muslim. Wọ́n rán an lọ gba saka, nígbà tó dé ó pín ẹrù sí méjì, ó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Ànábì bínú, ó sì béèrè bóyá bí ó bá jókòó sílé bàbá rẹ̀, ẹ̀bùn yẹn ì bá wá bá a níbẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè yẹn wọn èrè tó ń ti ilé oògùn bọ̀ sọ́dọ̀ dókítà.

Kì í ṣe àwa Mùsùlùmí nìkan ló ti ronú sí i. Ní Íjíbítì, Ibn al-Ukhuwwa tó kú ní 1329 kọ ìwé fún àwọn alábòójútó ọjà, ó sì ya orí sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń ta oògùn, bí a ṣe ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà rẹ́ni jẹ. Ní Sicily, ní nǹkan bí 1240, Ọba Frederick Kejì ṣòfin pé dókítà kò gbọdọ̀ bá apòògùn dòwò pọ̀, kò sì gbọdọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tirẹ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ọwọ́ tó ń kọ oògùn àti ọwọ́ tó ń tà á kò yẹ kí ó jẹ́ ọwọ́ kan náà.

KÍ A MÁ SÌ ṢÈKÉ

Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tó ni ilé-ìwòsàn wọ̀nyí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti Èkó pa ní òpin oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn COVID-19 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ oore wọn. Obìnrin tó lóyún nínú ìletò tí ọ̀sà yí ká lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Gbígbé oògùn láti Ìkẹjà dé Topo kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tó bá sì mọ ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò ní bá wọn jiyàn lórí ₦3,000.

Wọ́n tún lè sọ pé ilé oògùn kan tí àwọn mọ̀ dájú sàn ju kí oníbàárà lọ ra ayédèrú. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa pẹ̀lú ti Onitsha àti Aba nítorí oògùn ayédèrú àti èyí tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti yan ilé oògùn kò túmọ̀ sí kí á lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lórí àtẹ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú mọ́tò. Ilé oògùn tí Pharmacy Council of Nigeria fún níwèé àṣẹ ni mò ń wí. Àwọn tó ń ta oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yìí kan náà.

Nítorí náà, kí wọ́n jèrè. Kí wọ́n gba owó mọ́tò. Kí wọ́n tilẹ̀ gba owó ètò bí wọ́n bá ṣe ètò. Kí wọ́n sọ ọ́ kí a tó sanwó, kí wọ́n sì fún wa níwèé wa. Èmi kò rí ìdí tí ilé-ìwòsàn tó jẹ́ olóòótọ́ yóò fi kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti 2023. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba jọ̀wọ́ owó náírà kí ọjà máa yan iye rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ilé-iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń dáwọ́ òwò oògùn rẹ̀ dúró ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń lo fèrè ikọ́ fée nínú wa mọ ohun tí iye rẹ̀ dà lẹ́yìn náà. Nínú owó tí a ń ná lórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní ìdá 70 nínú 100 tó ń jáde tààrà láti àpò ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí ti ẹbí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí dókítà NHS bá fi ìwé oògùn ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ilé oògùn tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yàn ni ó ń lọ. Lọ́dọ̀ tiwa tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń dá owó ara rẹ̀ san, ẹ̀tọ́ yẹn tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ ÒFIN ÌLÚ WÍ

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò sí òfin. Òfin wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún un oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu kọ̀ọ̀kan, àti iye tí yóò ná an, kí ó sì jẹ́ ní èdè tí aláìsàn náà gbọ́ níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ Ẹ̀gùn, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe ojú rere ni bí dókítà bá wá ẹni tí yóò túmọ̀.

Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn jáde. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti rí gbogbo ìṣirò owó kedere, àti ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ẹni. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019, tún sọ pé òǹtajà gbọ́dọ̀ fi iye ọjà hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni so ọjà kan mọ́ òmíràn, pé bí o kò bá ra èyí n kò ní ta tọ̀hún, àyàfi bí ó bá lè fi hàn pé ìsopọ̀ náà ṣe oníbàárà láǹfààní, tàbí bí ó bá tún ń tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní iye tiwọn. Àwọn tí wọ́n ti bá mi kà nípa òwò méjì nínú òwò kan ṣoṣo yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.

Irú ẹjọ́ yìí ti wáyé ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje 2025, àjọ Federal Trade Commission fẹ̀sùn kan NextMed, tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ta ètò ìtọ́jú fún àwọn tó fẹ́ dín ìsanra kù. Wọ́n ní iye tí ó ń polówó fún oṣù kan kò ní owó oògùn nínú, kò ní owó àyẹ̀wò nínú, kò sì jẹ́ kí ó hàn sí oníbàárà pé àdéhùn ọdún kan ni òun wọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 150,000 dọ́là. Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ti ṣòfin láti 2003 pé ẹni tó bá yẹ ojú wò fún awò inú ojú gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé rẹ̀, bí ó béèrè bí kò béèrè, kí ó lè lọ rà á níbi tó wù ú.

BÍ A Ó ṢE BÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ẹ ń tẹ fóònù fún àwọn òbí. Ọwọ́ yín ni káàdì wà. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí wọn pé: èló ni gbogbo rẹ̀, oògùn, ètò àti mọ́tò? Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Bí wọ́n bá ní kò sí ìdáhùn àfi lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, ẹ ti gba ìdáhùn. Ẹ béèrè ìwé oògùn, kí orúkọ dókítà àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé kí ó kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan sọ ọ́ nìkan, nítorí oògùn kan náà lè ní orúkọ mẹ́wàá àti iye mẹ́wàá, apòògùn ni yóò sì fi èyí tí owó yín ká hàn yín. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá wọ́n ti kọ ọ́ síbì kan pé wọn yóò máa yọ owó lóṣooṣù. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n sábà fi ń kọ irú rẹ̀.

Kí ẹ má sì tìtorí owó dá oògùn àwọn òbí yín dúró, kí ẹ má bá wọn pín in sí méjì láìbi dókítà. Bí owó kò bá ká a, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ láìtijú. Oògùn mìíràn tí iye rẹ̀ kéré lè wà.

Ní ti ìyá alágbọn, lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni èmi àti ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí ilé-ìwòsàn náà pé a fẹ́ ìwé oògùn. Wọ́n dáhùn pé ìwé wà lọ́dọ̀ ilé oògùn tí àwọn ń bá ṣiṣẹ́. A tún kọ ọ́, a dárúkọ Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn. Kò sí èsì. Lẹ́ẹ̀kẹta a kọ ọ́ pé a ó kọ̀wé sí FCCPC. Ìwé náà wọ orí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú orúkọ dókítà àti òǹtẹ̀ rẹ̀. Apòògùn tó wà nínú Àgbádárìgì kà á, ó ní ọ̀kan nínú méjèèjì wà tí ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ń ṣe. ₦8,900 ni ìyá náà san fún ti oṣù kan. Ó ti ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn sààrì àti Sùbúì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń ka hóró tó kù.